Ìgò Àdín àti Epo Lárà

"Ẹ kàn buwọ́ lù ú pé ẹ̀yin lẹ bá a wọn àwọn ìgò tó kẹ́yìn yìí, Bàbá," ni Michael wí. "Wọ́n á fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé náà, bí kò tilẹ̀ sí mọ́."

Olúbọ̀dé kò mú bírò. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti sin Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ rẹ̀, sẹ́yìn ilé ní Kàbbà. Michael ni Ayọ̀kẹ́mi bá ṣiṣẹ́ pọ̀ ní yunifásítì.

Iṣẹ́ Ayọ̀kẹ́mi ni láti ṣírò bí òróró tó ki yóò ṣe máa ṣàn, kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ó po àdín mọ́ epo lárà sínú àwọn ìgò gígùn, ó fi bọ́ọ̀lù irin kékeré kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dí wọn pa. Bí ó bá dorí ìgò kodò, yóò ka ìṣẹ́jú-àáyá títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé ìlà ìsàlẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ìgò wá sílé. Ibẹ̀ ni àìsàn ti dá a wó. Bàbá rẹ̀ ló wá ń bá a wọ̀n ọ́n, tó ń gbé ìwé tó kọ iye sí lọ bá a lọ́sibítù.

"Mi ò wọn àwọn yẹn," ni Olúbọ̀dé wí.

Michael rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọwọ́ yín nìyí. Ta ló tún ń kọ méje bí ẹni gbé ọkọ́ kọ́ èjìká?"

"Èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo wo iye tó ṣírò, mo fi díẹ̀ kún ọ̀kan, mo yọ díẹ̀ lára òmíràn kó má baà fura. Ó ń kú lọ. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn."

Naomi, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè. "Bàbá Ayọ̀kẹ́mi, òtítọ́ tí ẹ ò sọ fún un lójú ayé, ta lẹ wá ń sọ ọ́ fún?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Bàbá," ni Michael wí jẹ́ẹ́.

"Ìgò ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀."

Ó wọ yàrá, ó gbé ìgò kan jáde. Michael yẹ ooru rẹ̀ wò, torí òróró tó bá gbóná máa ń yára ṣàn. Ó bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógójì ni Ayọ̀kẹ́mi ṣírò fún un. Olúbọ̀dé dorí rẹ̀ kodò, Michael sì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá.

Bọ́ọ̀lù náà ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ Naomi dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Méjìlélógójì," ni Michael wí.

Bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè ìlà. Wọ́n ń wò ó.

"Mọ́kànléláàádọ́ta," ni Michael wí bí bọ́ọ̀lù ti kan ìlà.

Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò yí padà. Naomi gbé àwo rẹ̀ dìde. "Okun o, Michael," ó kí i bí ará Kàbbà, ó sì wọlé.

Olúbọ̀dé fa ìlà gba orí nọ́ńbà tó kọ níjọ́sí, ó kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

"Ìgò mélòó ló kù?"

"Mẹ́fà, Bàbá."

"Gbé èkejì wá."