Ẹnu Géètì Ni Mervyn Dúró Sí

Nígbà tí Iris wọlé bàbá rẹ̀ ní Belfast, ìdí iná ni bàbá náà jókòó sí, ó ń mu tíì. Ó ti lé lógún ọdún tí Iris ti fẹ́ Malachy, ọmọ Àgùdà láti òdìkejì ògiri gíga tó pààlà sáàárín àdúgbò Àgùdà àti ti Purotẹ́sítáǹtì, tí àwọn méjèèjì sì kó lọ sí Liverpool. Mervyn, bàbá Iris, Purotẹ́sítáǹtì paraku ni, ó wà nínú Ọ́réńjì, ẹgbẹ́ àwọn Purotẹ́sítáǹtì tó lòdì sí ẹ̀sìn Àgùdà. Kò sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Cathal, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, bàbá àgbà rẹ̀ kò fojú kàn án rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni alùpùpù pa á. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rírú ẹ̀.

"Bàbá, a ti gbé òkú ẹ̀ dé. Ọ̀la la máa sin ín sọ́dọ̀ àwọn èèyàn Malachy. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo?"

"Ẹ kúkú mọ̀."

Mervyn gbé ife kalẹ̀. "Iris, mo ti búra nínú ẹgbẹ́ Ọ́réńjì. Ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe Máàsì."

"Ẹ̀yin àti ìbúra yín! Ṣé ìbúra ló máa sin yín ni? Ọmọ mi ló kú o! Ọmọ ọmọ yín!"

Arúgbó olóríkunkun tún gbé ife rẹ̀ sẹ́nu. Iris sunkún jáde kí wọ́n tó ti géètì ara ògiri náà nírọ̀lẹ́, kó lè padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn Malachy.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì bá dún ni Iris ń bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ṣe Máàsì tán, Mervyn ò yọjú. Ó dun Iris wọra. Ó ní òun ò ní tẹ ilé yẹn mọ́ láéláé.

Àwọn ọkùnrin gbé pósí jáde. Ta ló wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì? Mervyn ni, fìlà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ti pa á rin gbingbin. Ó ti wà níbẹ̀ kí agogo tó dún. Bí àwọn àgbà Purotẹ́sítáǹtì ṣe ń ṣe nìyẹn tí Àgùdà bá kú: wọn kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í sì í kúrò lẹ́nu géètì. Pípẹ́ ní Liverpool ló jẹ́ kí Iris gbàgbé.

"Kí ni ará Ọ́réńjì ń wá níbí?" Fergal, àbúrò Malachy, ló ń kùn lábẹ́ pósí.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre," Malachy dá a lóhùn. "Fi àyè ẹ sílẹ̀ fún wọn." Ó kọjú sí àna rẹ̀. "Ẹ bọ́ síbí, Bàbá."

Mervyn ki fìlà bọ àpò, ó ti èjìká bọ abẹ́ pósí, ó sì na apá di Malachy mú léjìká, bí àwọn tó ń gbé òkú ṣe máa ń ṣe níbẹ̀. Wọn ò bọ ara wọn lọ́wọ́ rí.

"Ó mà wúwo o," Mervyn ní.

"Ó ga ni, Bàbá. Ó ga jù mí lọ."

Iris ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ẹkún ò jẹ́ kó ríran. Nígbà tó bí Cathal, ó bẹ bàbá rẹ̀ títí pé kó wá gbé ọmọ náà, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Òní ló gbé e.