Ẹni Tó Ń Tẹ Búréèkì

"Mo ní o ò gbọdọ̀ tíì gbẹ́sẹ̀, Ràmọ́nì! Mo ní kó o dì í mú!"

Ó ti pẹ́ jù. Òróró búréèkì tó ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ sínú ike fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ sì tẹ̀lé e wọlé. Abíọ́nà, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, fi sípánà fún nọ́ọ̀tì kékeré tí òróró ń gbà jáde pa, ó yọ jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó nu ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"O ò pariwo tó," ni Ràmọ́nì ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí láti inú ọkọ̀, níbi tó ká jọ sí bí àpò gbáàgúdá. "Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wa ajagbe, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní búréèkì títẹ̀?"

"Màlúù ni ajagbe. Àgbọ̀nrín lèyí."

"Àgbọ̀nrín tó lọ kọ lu iṣu tí Ìyápọ̀ ń tà lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Abíọ́nà gbé sípánà sílẹ̀. Òótọ́ ni. Mọ́tò pupa onílẹ̀kùn méjì náà, tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, rọ́bà tí òróró búréèkì ń gbà kọjá sì ti gbó. Bí èèyàn bá tẹ búréèkì, rọ́bà á wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́, ọkọ̀ á sì máa lọ. Họ́ọ̀sì tuntun mẹ́rin, rọ́bà tí wọ́n hun irin tẹ́ẹ́rẹ́ bò lára, ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù méje. Ó rà wọ́n n'Íbàdàn nígbà tí Ìyá Fàrídà, aya rẹ̀, ṣì wà láyé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ náà sí. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n sin ín.

Èèyàn lè dá pààrọ̀ họ́ọ̀sì, òun náà sì ti dá a ṣe láàárọ̀ yìí. Yíyọ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan: ọ̀kan á jókòó sínú ọkọ̀ tẹ búréèkì, ìkejì á wà nílẹ̀ tú nọ́ọ̀tì. Fún ọdún méjìlélógún, Ìyá Fàrídà ló ń jókòó síbẹ̀.

Ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fàrídà ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, eruku ọ̀nà Òtu, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, bo hìjáàbù rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Yẹ̀kínì."

"Èmi ò pè é o," ni Ràmọ́nì yára wí.

Abíọ́nà wò ó. "Ta ló sọ pé o pè é?"

Fàrídà kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tán, ó na ọwọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo ti gbọ́ nípa iṣu tẹ́ ẹ kọ lù. Tó bá jẹ́ pé ọmọ kan ló dúró níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ọmọ níbẹ̀."

"Ọlọ́hun ló yọ yín. Òkú kan ti tó wa lọ́dún yìí."

Abíọ́nà fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Kò sẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Abíọ́nà rí, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ fún ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ iṣu yẹn, ó tẹ búréèkì títí ó fi kanlẹ̀, ọkọ̀ ò dúró.

"Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ yìí," ló wí. "Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, a ó gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Bí búréèkì bá dá a dúró, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ mi. Bí kò bá dá a dúró, máa mú un lọ sí Òtu. N ò ní bèèrè rẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò ní yí i padà?"

"Ìgbà wo ni mo yí ọ̀rọ̀ padà rí?"

Fàrídà bọ́ bàtà. "Bàbá Yẹ̀kínì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n jókòó."

"Ìdí mi ti há," ni Ràmọ́nì wí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àga. Abíọ́nà ní kó lọ máa ṣọ́ ìgò òróró búréèkì níwájú ọkọ̀, kó máa bu òróró kún un, kó má bàa gbẹ.

Ó padà dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Láìronú, ó fi sípánà kan irin tí táyà ń jókòó lé, ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló rántí. Àárín òun àti aya rẹ̀ nìkan ni àmì yẹn wà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan: kó tẹ̀ ẹ́, kó dì í mú. Ẹ̀ẹ̀mejì: kó gbẹ́sẹ̀. Ó la ẹnu láti pariwo.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí búréèkì ń dún lọ sílẹ̀, tó sì dúró. Ó tú nọ́ọ̀tì. Òróró tú jáde sínú ike, ó ń hó. Ó fún un pa, ó kan irin lẹ́ẹ̀mejì. Búréèkì gbéra.

"Fàrídà."

"Bàbá?"

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ni mo ti máa ń kàwé nígbà tí mo wà nílé ìwé. Tẹ́ ẹ bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, Màmá á ní 'Bismillah'. Tẹ́ ẹ bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á mí kanlẹ̀."

"Ó máa ń ní Bismillah?"

"Gbogbo ìgbà."

Fún ọdún méjìlélógún, abẹ́ ọkọ̀ ni òun wà. Kò gbọ́ ọ rí. Ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì tuntun náà.

"Ràmọ́nì, òróró!" ló wí níkẹyìn.

"Ó kún. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Wọ́n ṣe é yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, títí òróró fi ń jáde láìhó mọ́. Búréèkì le bí òkúta. Abíọ́nà dá àwọn táyà padà, ó ní kí Fàrídà yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, sósì, kó lè rí i pé họ́ọ̀sì kò fara kan táyà.

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nígbà tí wọ́n dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Abíọ́nà sọ̀ kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni kó o wà á. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́."

"Háà!" ni Ràmọ́nì ké. "Láti ọjọ́ tó o ti ra ọkọ̀ yìí, o ò jẹ́ kí n wà á rí!"

"O sanra jù," ni Abíọ́nà wí, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Nísàlẹ̀, níbi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà, Ìyápọ̀ rí mọ́tò pupa náà lókèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣu rẹ̀ wọlé ní wàrà-wàrà. Ọkọ̀ ń yí lọ, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

"Bismillah," ni Fàrídà wí jẹ́jẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n fà láṣọ lẹ́yìn. Òkúta wẹ́wẹ́ kan yí kọjá níwájú wọn lọ sísàlẹ̀. Ìyápọ̀ dúró tòun ti iṣu méjì lápá, ó ń wò wọ́n.

"Kọ́kọ́rọ́ ti yín ni, Bàbá," ni Fàrídà wí. Kò tíì gbẹ́sẹ̀.

"Lọ́la, èmi ni màá gbé ọ padà sí Òtu." Abíọ́nà wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí búréèkì. Ẹsẹ̀ kékeré ni, bíi ti ìyá rẹ̀. "Bí ọdún bá yí po, a ó tún pààrọ̀ òróró rẹ̀. Wàá wá."

"Màá wá, Bàbá."

Abíọ́nà na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó sì fi ìka kan ara ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mejì. Fàrídà mí kanlẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀.