Àwọn Òrùlé Tó Wà Lábẹ́ Bàálù

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹnjiníà bàálù ogun máa ń fọwọ́ kan bàálù, kó lọ bi Hikmat. Ọdún gbọọrọ ló fi kàwé nípa bàálù ní yunifásítì, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì dáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ní Igbó-Elérin, títì àti igbó ló ń yà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Yínúsà ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Ẹ̀rọ tí àwọn ológun òfurufú fi ń kọ́ bàálù wíwà láì kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: àga awakọ̀ kan, ọ̀pá tó fi ń darí bàálù, àti àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá tó ń ṣe bí ojú ọ̀run. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ ẹni tó kéré jù níbẹ̀. Gbogbo ohun tí awakọ̀ bá máa rí nísàlẹ̀, Hikmat ló gbọ́dọ̀ yà á sínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá Adéníjì, tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ti ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. "Fi títì Àgbádárìgì síbẹ̀, fi omi díẹ̀ sí i, kí gbogbo èyí tó kù jẹ́ igbó. Ta ló ń lọ bọ́ síbẹ̀?" Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá ológun kan ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀rọ náà wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Hikmat di òṣìṣẹ́ gidi. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbà, kó máa bá wọn jókòó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ajé ni Bàbá Yínúsà gòkè wá jà nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n tó lanu, ojú wọn bọ́ sára tẹlifíṣọ̀n.

"Ibo rèé?"

"Ọ̀dọ̀ wa níbí ni, Bàbá. Okokomaikò nìyẹn, Ìbà nìyí."

"Ilé mi dà?"

Hikmat nàka sí igbó kan. Ọ̀rọ̀ náà burú lójú Bàbá. Ọmọ bíbí ìlú Ọ̀jọ́ ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ilẹ̀ tó bá ti jọ igbó láàárọ̀, ẹni mẹ́ta lè ti rà á kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti lọ sí kóòtù lórí ilẹ̀ yìí títí eyín wọn fi ká.

"Kí àwọn ṣọ́jà máa wo ilẹ̀ mi ní igbó? Ọmọ yìí, fi ilé mi síbẹ̀, àbí kí n ti géètì pa!"

Kí ni Hikmat ìbá ṣe? Ó ya ilé náà. Bàbá tún ní kó kọ ohun tó wà lára ògiri ilé náà sí i: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Hikmat ṣàlàyé pé ẹni tó wà lókè kì í rí ògiri. "Ó dáa, kọ ọ́ sórí páànù." Ó kọ ọ́ gàdàgbà.

Bàbá ò lè pa á mọ́nú, wọ́n ròyìn ẹ̀ kiri àdúgbò. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, àwọn lánlọ́ọ̀dù ti tò sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fàúsátù, tó ń ta fáànù ní Alábá, ní kó má gbàgbé bọ́ìskọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé òun. Pásítọ̀ Bánkọ́lé fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì òun ga ju bó ṣe ga lọ díẹ̀. Múdàṣírù kò tíì kọ́ ju ìpìlẹ̀ lọ. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun parí ẹ̀. Hikmat bá a parí ẹ̀, ó tún fún un ní balikóníì. Inú rẹ̀ dùn gan-an, torí látọjọ́ tó ti di ẹnjiníà, kò tíì sí ẹni tó dúpẹ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ewúrẹ́ kan ò lè ráyè nà sí láti Ìbà dé Okokomaikò.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ológun náà, Akínṣọlá, dé tòun ti bàtà dídán. Àwọn lánlọ́ọ̀dù náà gbé bẹ́ǹṣì wá. Wọ́n ní orí ilé àwọn ló fẹ́ fò kọjá. Ọ̀gá ológun wọ àga, ó fò sókè. Adéníjì tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì kú. Ìdánwò náà nìyẹn: kí awakọ̀ wá ilẹ̀ gbalasa bà sí.

Ilẹ̀ gbalasa wo? Òrùlé níbí, òrùlé lọ́hùn-ún. Ọ̀gá ológun yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, bàálù sì já lu àárín ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

"Yéè!" Fàúsátù káwọ́ lérí.

Bàbá Yínúsà, tí wọ́n jókòó sínú ilé náà gan-an, gbójú sókè wo àjà. Àwọn aládùúgbò yí wọn ká. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù rọ́pò ẹ̀." Pásítọ̀ ní kí wọ́n máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Ọ̀gá ológun pàápàá ṣí fìlà, ó bẹ Bàbá.

Ìtìjú bo Adéníjì débi tó fi ń pariwo. "Hikmat! Pa gbogbo ilé yẹn rẹ́ kíá! Tó o bá pa á rẹ́ tán, gbé báàgì ẹ, máa lọ!"

Hikmat di máòsì mú. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́ gidigidi. Ó wo Bàbá, ó wo Fàúsátù. Ló bá kọjú sí ọ̀gá ológun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọjú lójú fèrèsé. Tí mo bá pa tinú kọ̀ǹpútà rẹ́, tìta ńkọ́?"

Akínṣọlá lọ sójú fèrèsé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Òrùlé ni títí dé ibi tí ojú mọ. Ó padà wá jókòó.

"Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó darí bàálù gba ẹ̀gbẹ́ títì Àgbádárìgì lọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó kọjá gbogbo òrùlé, títí ó fi rí igbó kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ó bà síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn lánlọ́ọ̀dù bú sáyọ̀, Fàúsátù dì mọ́ Hikmat. Adéníjì ti na ọwọ́ ìkíni. "Ẹ kú oríire, sà!"

Ọ̀gá ológun ò dìde. Igbó yẹn ló ń wò.

"Ìlú Ìjànikin nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Hikmat dáhùn. "Mi ò tíì ya ilé débẹ̀."

"Orí ilé ìyá mi ni mo bà lé yìí."

Ó sọ fún Adéníjì pé ọmọ náà kò ní lọ síbì kankan. Ó wá fa àga sún mọ́ Hikmat, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Yà á síbẹ̀. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà díẹ̀. Nírú àkókò yìí, ìta ni ìyá mi máa ń jókòó sí."