Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta ní Jẹ́lé-ó-sinmi

Nígbà tí Ògúnníyì káfíńtà gun àjà ilé Ṣàíbù, tó fi òòlù kan igi òrùlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńṣe ni ìdajì igi náà já lulẹ̀, tó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú gbogbo wọn. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lórí, ó ní òun ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: gbogbo igi lòun máa yọ, gbogbo páànù lòun máa pààrọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló máa gbà.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé inú ẹ̀ o," ló wí. "Tí mo bá ti ṣí i, ojú ọ̀run lẹ ó máa wò sùn."

Ẹni márùn-ún ló wà nínú ilé náà ní Ìlaròó. Ṣàíbù fúnra rẹ̀, awakọ̀ tó ń ná ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Roheemat ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ. Toheebat, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Afeezat, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àti Màmá Mẹ̀dínátù, ìyá Ṣàíbù, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣòwò láàárín Ìdí-Ìrókò àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ibo ni wọ́n fẹ́ kó gbogbo èèyàn wọ̀nyí lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ṣàíbù rò pé nǹkan kékeré ni. Ó wá ejẹ́ǹtì kan lọ, ọkùnrin gbọọrọ kan tó ń jẹ́ Kòkúmọ́, tó máa ń há fáìlì sábíyá bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Ilé àkọ́kọ́ tí Kòkúmọ́ mú un lọ wù ú. Kànga wà láàárín ọgbà, fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì.

"Owó ọdún méjì lẹ ó san," ni Kòkúmọ́ wí, "ẹ ó san owó ìwé àdéhùn, ẹ ó sì san tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fẹ́ lò."

Kòkúmọ́ ṣí fáìlì, ó wò ó títí, ó pa á dé. "Kò burú," ló wí. "Ẹ san ti ọdún méjì, kí ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fẹ́ nínú ẹ̀. Onílé ò ní bínú."

Ilé kejì wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́. Ṣàíbù béèrè iye tí wọ́n ń gbà, onílé náà fọwọ́ bo etí, ó pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni, omi wà. Ó tún béèrè, onílé ní ìyẹn ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Ilé kẹta dára, ó sì rọrùn lówó, àfi pé bàbá arúgbó kan ṣì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì inú yàrá. Ṣàíbù ní ìgbà wo ni bàbá máa kó jáde. Kòkúmọ́ ní bàbá ò lọ ibì kankan, bàbá ni onílé, ṣùgbọ́n kì í dààmú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Ṣàíbù délé, tó dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì, Màmá Mẹ̀dínátù yọ awò ojú.

"Òtẹ́ẹ̀lì wo? Èyí tí wọ́n ń gbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan? Kí ìmáàmù máa kọjá lọ, kó bá mi lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́? Ṣàíbù, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ṣàíbù ò dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì mọ́.

Roheemat ló yọ wọ́n. Òun ló ń rán aṣọ ilé-ìwé fún jẹ́lé-ó-sinmi kan tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọdúnayọ̀ dá sílẹ̀. Ọmọ Mádáàmù Ọdúnayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Kùtọnu, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti gba ìsinmi gígùn, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọgbà ti fìbínú lọ, ẹ̀rù sì ń ba Mádáàmù kí olè má wá gbé jẹnẹrétọ̀.

"Ẹ bá mi sùn síbẹ̀," ló sọ fún Roheemat. "Ohun tí ẹ bá ní lọ́wọ́, ẹ fún mi. Ẹ má dáná nínú kíláàsì, ẹ má ya nǹkan kúrò lára ògiri, kí n sì bá ọgbà mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe kó lọ nìyẹn. Kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta di yàrá Ṣàíbù àti ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin di yàrá Màmá àti àwọn ọmọ. Gbogbo àga ibẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Ṣàíbù jókòó lórí ọ̀kan láti jẹ ẹ̀bà. Nígbà tó dìde, àga náà bá a dìde. Ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ àga mú, ọmọ rẹ̀ di apá bàbá mú, wọ́n jọ fà á títí ó fi bọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiẹ̀ kéré débi pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ á máa kan àgbọ̀n.

Màmá ò ráhùn. Ó wò yíká ògiri, ó rí páálí pupa kan, ó ní kí Toheebat ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún òun.

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú ọgbà yìí, Màmá."

"Kí la ó wá máa sọ?"

"Òyìnbó ni, Màmá."

Màmá ronú díẹ̀. "Òyìnbó wo? Mo gbọ́ ti àwọn ará Àjàṣẹ́." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, tó ń kí wọn ní Faransé láàárọ̀, tó ń fi Faransé lé ewúrẹ́ kúrò lọ́gbà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ṣàíbù gbọ́ ìròyìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ń kó èrò bọ̀ láti Ìdí-Ìrókò, obìnrin kan tó ń ta bàtà, Ọmọ́délé, jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ni?" ni Ọmọ́délé wí. "Jẹ́lé-ó-sinmi Mádáàmù Ọdúnayọ̀ ti gba ọ̀gá tuntun. Màmá àgbà kan ni, ará Àjàṣẹ́ ni wọ́n ní wọ́n jẹ́. Ẹ máa gbọ́ Faransé lẹ́nu wọn!"

Ẹsẹ̀ Ṣàíbù yẹ̀ lórí bíréèkì. "Màmá wo?"

"Wọ́n fi òwú dúdú so apá kan awò ojú wọn. Wọn kì í rẹ́rìn-ín rárá. Mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ Mofẹ́olúwa ọmọ mi sílẹ̀."

Ṣàíbù fúnra rẹ̀ ló fi òwú dúdú náà so awò ojú ọ̀hún fún ìyá rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó wa gbogbo èrò bọ́ sínú kòtò.

Ó bá ìyá rẹ̀ nínú ọ́fíìsì Mádáàmù, níbi tó ti ń gba atẹ́gùn fáànù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ni Màmá wí. "Ibí yìí nìkan ni àga tó gba ìdí mi wà. Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, obìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní kí la ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní èmi kì í ṣe tíṣà, Faransé ọjà nìkan ni mo gbọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ kí òun gbọ́. Mo sọ ọ́."

"Kí lẹ sọ, Màmá?"

"Mo ní owó tó mú wá ò tó, kó lọ fi kún un."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní àmín."

Obìnrin náà ló lọ sọ fún ẹnìkejì, ẹnìkejì sọ fún ẹnìkẹta. Màmá ò gba kọ́bọ̀. Toheebat ló ń kọ orúkọ sínú ìwé, pé kí wọ́n dúró de Mádáàmù. Ṣàíbù bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má jókòó sí ọ́fíìsì mọ́. Màmá gbà. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn òbí bá a níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní kó dán wọn wò díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ń tó ogún ọmọ tó ń wá láràárọ̀.

Ṣàíbù gbà pé bí àwọn bá ti kó kúrò, ọ̀rọ̀ á parí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó sáré lọ bá Ògúnníyì. Àwọn igi òrùlé tuntun ti dúró, ṣùgbọ́n páànù kankan ò tíì gorí wọn. Ògúnníyì ní òjò ló fa á. Ọjọ́ kẹjọ nìyẹn tí òjò ò kán.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Mádáàmù Ọdúnayọ̀ dé, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tó dá. Ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ṣàíbù wà nínú ọgbà nínú sìńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń sá ṣòkòtò sórí jáńgílófà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá na tòmátì kan sókè, ó dárúkọ iye tó ń tà á, ogún ọmọ sì fi Faransé dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ó ti wọ́n jù, kó dín in kù.

"Bàbá Toheebat," ni Mádáàmù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ọmọ ta nìwọ̀nyí?"

"Ọmọ yín ni, mà," ni Ṣàíbù wí, ṣòkòtò lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ọmọ ilé-ìwé yín ni."

Mádáàmù gbéra, ó fẹ́ kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdulrasaq, tó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, bá na apá dí i lọ́nà. "Ìyá, ẹ má bínú," ló wí, "gbogbo wa la fẹ́ rí Màmá. Ẹ jókòó sẹ́yìn mi." Ohun tó ya Ṣàíbù lẹ́nu títí dòní ni pé Mádáàmù jókòó. Ó jókòó lórí àga kékeré, pẹ̀lú àpò lórí ẹsẹ̀, nínú ọgbà tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, ó ń dúró kó kàn án.

Bí Màmá ṣe rí i, ó dìde kíá, ó sì gbé ìwé orúkọ lé e lọ́wọ́. "Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ló wí. "Mo sọ fún wọn pé èmi kọ́, wọn ò gbọ́."

Mádáàmù ka orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó rí orúkọ àwọn mẹ́sàn-án tí àwọn òbí wọn ti yọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n kó lọ sí ilé-ìwé tuntun kan tó ní bọ́ọ̀sì. Lójijì ni Mádáàmù gbá ògiri mú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó kojú sí àwọn òbí, ó sọ òótọ́ fún wọn. Ó ní Màmá yìí kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, kò jókòó ní kíláàsì rí, òrùlé ilé ọmọ rẹ̀ ló bàjẹ́ tó fi wá síbí. Ṣàíbù wo ilẹ̀.

"A ti gbọ́, mà," ni Abdulrasaq wí. "Ṣé Màmá á máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní Faransé àbí wọn ò ní kọ́ wọn?"

Mádáàmù wo Màmá. Màmá tún ìró rẹ̀ so.

"Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀," ló wí. "Orúnkún ń dùn mí."

Wọ́n dúnàádúrà owó oṣù rẹ̀ níbẹ̀, Mádáàmù ò sì rí kọ́bọ̀ dín nínú iye tí Màmá pè. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ògúnníyì parí páànù, ìdílé Ṣàíbù sì kó padà sílé.

Ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé, Ṣàíbù fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ bá a gbé e wọlé. Màmá dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Síta ni àwọn òbí ń dúró," ló wí, ó sì gba báàgì rẹ̀ padà.

Ṣàíbù dúró síta, ó fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ ń sáré wá kí i. Èrò kan pè é láti òdìkejì títì pé ṣé ó ń lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ó ní kó dúró ná, ó di ìgbà tí Màmá bá wọlé.