Fáìlì Fàrúkù

Títẹ bọ́tìnnì máa ń sú Kùdírátù. Òun àti Dàmọ́lá ọ̀gá rẹ̀ ló ń bójú tó ìkànnì àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nínú yàrá kékeré kan ní àdúgbò Tokoin. Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ojú ewé lóríṣiríṣi ni wọn ó ṣí kí wọ́n tó tún un ṣe, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì ti já. Ló bá kọ ètò kan tó ń sọ ẹnì kọ̀ọ̀kan di fáìlì ọ̀rọ̀ lásán lórí kọ̀ǹpútà: orúkọ, àdúgbò, irú ẹ̀jẹ̀, ìgbà tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn. Ṣí i, tún un kọ, fi pamọ́. Bó o ṣe kọ ọ́ gan-an ni ìkànnì á ṣe gbà á.

"Ó dára," ni Dàmọ́lá wí. "Bí èmi náà bá ń tún ẹni yẹn ṣe lórí ìkànnì lákòókò kan náà ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Ọkàn tirẹ̀ ni kò balẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti ọsibítù. Bọ́lánlé ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Irú ẹ̀jẹ̀ O nẹ́gátíìfù, tó ṣọ̀wọ́n, ni wọ́n ń wá. Ìkànnì kọ̀, kò ṣí. Kùdírátù wá inú àwọn fáìlì, ó rí Fàrúkù, aláṣọ ní ọjà Adawlato, ó pè é.

"Mò ń bọ̀," ni Fàrúkù wí.

Bí Dàmọ́lá ṣe wọlé tó gbọ́, ó dúró gbagidi. "Fàrúkù tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Kò gbọdọ̀ tún fi sílẹ̀ báyìí. Èmi ni mo kọ ọ́ sórí ìkànnì!"

Kùdírátù rántí. Lẹ́yìn tí Dàmọ́lá kọ ọ́ lòun tún àdúgbò Fàrúkù kọ nínú fáìlì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi pamọ́. Fáìlì náà ti pa ohun tí Dàmọ́lá kọ rẹ́.

Ó pe Fàrúkù títí, kò gbé e. Ó bẹ́ sẹ́yìn ọlọ́kadà, ó di ọsibítù.

Kí Kùdírátù tó débẹ̀, nọ́ọ̀sì ti bi Fàrúkù léèrè ìgbà tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn, wọn ò sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kùdírátù kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe mi ni."

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni," Fàrúkù wí, "pé ó ti burú débi tí ẹ fi tún pè mí. Ẹ dìde. Irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni èmi àti Nàfísátù àbúrò mi ní. Mo ti ní kó pa ṣọ́ọ̀bù dé, kó máa bọ̀."

Nàfísátù dé tòun ti òógùn lójú, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, Bọ́lánlé ti ń béèrè ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Kùdírátù tún ètò náà ṣe. Bí ohun tó wà lórí ìkànnì bá ti yí padà, fáìlì àtijọ́ kò ní wọlé mọ́; á gbé méjèèjì síwájú ẹni tó ń tún un ṣe, kó fojú ara rẹ̀ yàn. Dàmọ́lá dán an wò, ètò náà kọ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín.

Kùdírátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń pe àwọn tóun ti tún fáìlì wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tó yí padà tí fáìlì lè ti pa rẹ́.

"Ó ku mélòó?"

"Mi ò mọ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó wí, ó sì ń ṣí òmíràn.