Ta Ló Ń Fa Omi Alágbàfọ̀?

Nígbà tí omi alágbàfọ̀ ti ń ro tó-tó-tó fún ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin náà ti dá olè rẹ̀ mọ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó ń ta omi dídì lẹ́yìn ògiri. Páìpù kan náà ló ń bọ̀ láti ìta fún àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀rọ omi dídì bá ti ń kùn, obìnrin náà a ní olè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tilẹ̀ ti sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń jí omi òun.

"Ìyàwó wa, mo ti bá wa pe onípáìpù," àbúrò ọkọ wí lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi kékeré." Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ní: olè pe ọlọ́dẹ wá!

Onípáìpù de aago kékeré kan mọ́ táàpù alágbàfọ̀, èyí tó ń sọ bí omi ṣe ń tì tó. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí alágbàfọ̀ fi lọ sẹ́yìn ògiri, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti táàpù àbúrò ọkọ pa pinpin. Abẹ́rẹ́ aago dúró lókè.

"Omi ń tì dáadáa," onípáìpù wí. "Pẹ̀lú agbára yìí àti páìpù oní-íǹṣì kan, garawa yìí yẹ kó kún kí ẹ tó ka ọgbọ̀n."

Ó ṣí táàpù. Abẹ́rẹ́ já wálẹ̀ wìì. Alágbàfọ̀ kà á dé igba, garawa kò tíì kún.

"Ẹnì kankan kò fa omi báyìí, àbí?" onípáìpù bi í. " Ẹ̀yin lẹ ti tiwọn pa. Ọ̀nà ọ̀fun páìpù ló fún."

Ó gé páìpù ìta tó ń bọ̀ fún àwọn méjèèjì. Íǹṣì kan ni lóde lóòótọ́. Nínú, ìpẹtà ti dí i, agbára káká ni pẹ́ńsù fi lè wọ̀ ọ́. Ojú ti alágbàfọ̀. Òun ló yan páìpù irin náà lọ́dún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn.

"Ọkọ mi, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ni mo fura sí."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa orí. "Èmi náà, ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ń fa tèmi. Torí kọ́wọ́ mi lè tẹ̀ yín ni mo ṣe pe onípáìpù."

Ẹ̀rín pa onípáìpù. Alágbàfọ̀ kò lè rín tirẹ̀ tán. Ó wá gèlè rẹ̀, ó gba ilé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.