Àwọn Kùmọ̀ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ìyá Kẹ́mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó bọ́ lórí mi. Àwọn kùmọ̀ bàbá àgbà tí mo jogún, àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, mo kó wọn lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà lójú àlá, kó lè sọ ibi tí wọ́n ti wá fún mi. Kò tilẹ̀ wo igi wọn. Ó fi ọ̀kan lu ilẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wọlé, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń tẹrí ba. Àtàrí kálukú jin kòtò bí ojú odó. Gbẹ́nàgbẹ́nà á ki kùmọ̀ kan bọ kòtò náà, kùmọ̀ á jókòó pẹ́kípẹ́kí bí ọmọrí ìkòkò, gbẹ́nàgbẹ́nà á ní, "Ti ará òkè odò ni èyí. Ti ará oko nìyẹn." Inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ.

Ó ku kùmọ̀ kékeré tó ń dán yẹn. Ni ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà bá wọlé, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n gba kùmọ̀ náà, wọ́n fúnra wọn tì í bọ kòtò orí wọn. Ó ṣe rẹ́gí.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ti ilé nìyí."

Ìgbà yẹn ni mo jí.